Apá Ọ̀tún Lágúnjú

"Ẹ fi ọwọ́ òsì yín kan ibi tó ń dùn yín," ni ohùn obìnrin kan wí láti inú ògiri.

Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnikẹ́ni. Yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀, òun ló sì jókòó sórí rẹ̀. Wáyà bàbà tẹ̀ kọrọdọ lókè orí rẹ̀ bí èyí tí wọ́n máa ń so òdòdó mọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ òsì, ó fi kan èjìká ọ̀tún.

Kíá ni iná yọ lára wáyà náà. Ó kọ́kọ́ ní àwọ̀ aró, ó rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bà lé èjìká ọ̀hún gan-an, ó wá pọ́n rúsúrúsú. Nǹkan kan ń kùn lábẹ́ ilẹ̀ bí oyin. Ara èjìká náà bẹ̀rẹ̀ sí í móoru.

"Ó ti ń lọ," ni ohùn náà wí. "Ẹ gbé apá náà sókè."

Ó gbé e. Apá tí kò kọjá àyà mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, ó gòkè, ó kọjá etí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wáyà. Omi lé ròrò sí ojú bàbá náà.

Kì í ṣe pé ó dìídì wá síbẹ̀. Inú ọ́fíìsì ní yunifásítì ló ti lo ayé rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, àdúgbò Mayfair sì nilé rẹ̀ wà, ilé tó kọ́ fún ìyàwó àti ọmọ, tó wá ku òun nìkan níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ayọ̀mídé, ti lọ sí Kánádà. Láti ìgbà tí Fisáyọ̀mi ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti sọ ọ́ dàṣà láti máa wọ ọkọ̀ jáde láàárọ̀, ibi yòówù kó já sí, kó ṣáà má jókòó sílé kó máa gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ̀ ní Ẹnuwá, ó rìn gba Ìlódè lọ, ó sì rí pátákó kan lára ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn: YÀRÁ ÌTURA. Ọ̀FẸ́ NI. Ẹ WỌLÉ.

Ẹnu ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà jáde. Bó ṣe ká aṣọ ibẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, pátákó kejì dojú kọ ọ́: GÚLÓÒBÙ ÀTI ARIWO LÁSÁN LÓ WÀ NÍNÚ YÀRÁ YÌÍ. KÒ SÍ OÒGÙN KANKAN NÍBẸ̀. ÌTURA TÍ Ẹ RÍ, Ọ̀DỌ̀ YÍN LÓ TI WÁ.

Ó kà á, ó tún un kà. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí ibẹ̀, ọ̀dà ti ta sí i ní gbogbo apá aṣọ.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

Ọmọbìnrin náà dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Èmi ni, sà. Moyinolúwa lorúkọ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní yunifásítì. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi gboyè nìyí, sà."

"Iṣẹ́ ọnà! Ṣé èmi ò mọ iṣẹ́ ọnà ni? Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri. Ìwọ jókòó síbí, ò ń fi àgbàlagbà ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá wọlé ló ń parí iṣẹ́ náà fún mi. Àwọn dókítà pàápàá mọ̀ ọ́n, sà. Wọ́n lè fún aláìsàn ní hóró oògùn tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun lásán ló wà nínú rẹ̀, kí ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Mo fẹ́ kí èèyàn rí i nínú ara òun fúnra rẹ̀ ni."

"Kí n rí kí ni? Pé irọ́ ni mo ti ń pa látọjọ́ yìí?"

"Rárá o, sà! Ìrora yín kì í ṣe irọ́. Ìtura tí ẹ rí kì í ṣe irọ́."

"Kí ló wá jẹ́ irọ́ níbẹ̀?"

Moyinolúwa wolẹ̀. "Ohùn mi nìkan ni, sà."

Lágúnjú kò dágbére. Kí ọkọ̀ tó gbé e dé Mayfair, apá náà ti padà sí bó ṣe wà, ó ń ro ó láti èjìká dé ìgúnwọ́. Ohun tó sì yà á lẹ́nu ni pé nígbà tí ìrora náà dé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí aráalé ẹni bá wọlé dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Ayọ̀mídé pè láti Kánádà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Dádì, ẹ káàsán o. Apá yín ńkọ́?"

"Ó wà bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ ń fi omi gbígbóná jó o? Ìpara tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ ń lò ó?"

"Mò ń lò ó."

Ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn. Nígbà tí Fisáyọ̀mi wà láyé, òun lọmọ náà máa ń pè, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, bàbá á kàn ké láti orí àga rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun kí i. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá àtọmọ ò mọ ohun tí wọ́n á bá ara wọn sọ. Àfìgbà tí apá bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, Ayọ̀mídé kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má pè.

Lágúnjú ti múra láti sọ fún un nípa yàrá tó wà ní Ìlódè, bí apá ṣe gòkè tó sì kọjá etí. Ó la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ó tiẹ̀ tún ń dùn mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ah! Dádì! Màá tún pè yín lọ́la, ẹ gbọ́?"

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n ká a mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó jókòó fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Ní ọjọ́ kejì, ó padà sí Ìlódè. Moyinolúwa ló bá níta, ó ń fi páálí fẹ́ra.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Wọ́n ti múná lọ, jẹnẹrétọ̀ sì ti kọ̀. Kò sí ohun tó máa ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà lónìí."

"Ṣí fèrèsé. Mo fẹ́ jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó ṣí i. Ìmọ́lẹ̀ òòrùn wọlé, gbogbo àṣírí yàrá náà sì tú: gúlóòbù kéékèèké tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ wáyà, ẹ̀rọ ohùn kan lára ògiri, òmíràn lábẹ́ ẹní, eruku. Lágúnjú wá ohun tó mú èjìká òun gbóná lọ́jọ́sí, kò rí i. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ òsì kan èjìká. Kò sóhùn tó sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ó ti ń lọ."

Apá náà gòkè. Ó dúró sókè, bàbá náà sì jókòó bẹ́ẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Inú rẹ̀ ò dùn. Ẹ̀rù ló bà á.

"Sà? Ṣé kò sí?" ni Moyinolúwa béèrè lójú fèrèsé.

Ó rọra sọ apá náà kalẹ̀. "Apá yìí ni mo fi gbé ìyàwó mi láti balùwẹ̀ dé inú mọ́tò. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó ní kí n rọra wakọ̀. Kò padà wálé mọ́. Kò pẹ́ tí a sin ín tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Wọ́n ya fọ́tò egungun mi, dókítà ní òun ò rí nǹkan kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà."

"Ẹ kú àrọ́jú, sà." Ọmọbìnrin náà wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ kó lọ?"

Lágúnjú fi ọwọ́ òsì ra èjìká náà. "Mo ní ọmọ kan tó máa ń pè mí. Bí apá yìí bá san, kí ni yóò máa béèrè lọ́wọ́ mi?"

"Mi ò mọ̀, sà," ni Moyinolúwa wí. "Mi ò ronú débẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é."

Inú bàbá náà dùn sí i pé kò purọ́ fún òun. Nígbà tó ń lọ, ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn olùkọ́ òun lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó mi orí. "Tèmi ò tíì parí," ló wí.

Kò dúró de ìpè Ayọ̀mídé. Bó ṣe délé, òun ló kọ́kọ́ pè, ohun tí kò ṣe rí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́hùn-ún.

"Dádì! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan. Apá mi ti san."

"Ẹ ṣé o, Olúwa! Ìpara yẹn ló ṣe é, àbí?"

"Kì í ṣe ìpara. Màá ròyìn rẹ̀ fún ọ."

"Ó dáa, Dádì. Inú mi dùn gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sáré múra ibi iṣẹ́, a ó sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè…"

"Ayọ̀mídé, dúró." "Ó ti pẹ́ tó ti lè san. Èmi ni mò ń fi dè ọ́ mọ́lẹ̀ lórí fóònù. Ilé yìí ló tóbi jù fún mi. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ mọ́mì rẹ."

Omi ẹ̀rọ kan ń dà lọ́hùn-ún, ó gbọ́ nígbà tí wọ́n tì í.

"Dádì," ni Ayọ̀mídé wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "mo rò pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn mọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dárúkọ wọn, ẹ ó ní apá ń dùn yín."

Òótọ́ ni.

"Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?" ló wá béèrè.

"Mo máa ní kí wọ́n dúró dè mí. Ẹ sọ nǹkan kan fún mi nípa wọn tí mi ò mọ̀."

Fóònù ń ké pé iná inú òun fẹ́ tán. Bàbá náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ògiri, ó ki wáyà bọ ibi iná. Wáyà náà kúrú, ó di dandan kó tẹ orí, kó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, láti ọdún tí òun àti Fisáyọ̀mi kọ́kọ́ gba yàrá kan ṣoṣo, tí òjò máa ń jò lé wọn lórí, tó sì jẹ́ pé ẹ̀rín ni obìnrin náà máa ń rín.