Ohun Tí Odídẹrẹ́ Ẹ̀gbọ́n Ń Sọ

Ọjọ́ tí Aránṣọ gbé odídẹrẹ́ wọlé, ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fara gbá. Ọkùnrin náà na ìka sáàárín irin àgò, ó ní kí òun kí àlejò káàbọ̀. Àlejò sì fẹnu dáhùn, ẹ̀jẹ̀ jáde.

"Yéè! Èyí kì í ṣe ẹyẹ, ẹ̀mú ni!" Ó fi ìka sẹ́nu, ó ń fò sókè. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣe, Oníkọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò sí ìlẹ̀kùn tí kò lè ṣí láyé yìí, àfi ẹnu ìyàwó rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i.

Lọ́jọ́ náà, ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àgò náà sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Gbogbo ohun tó kù fún un lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ìyá méjì péré ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀ àìsàn, kò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n kú sí ọsibítù, kò gbọ́, àfi ìgbà tí onílé tí ẹ̀gbọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ pè é pé kó wá kó ẹrù.

"Ẹyẹ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e lọ," ni onílé wí. "Èmi kì í bá ohun tó níyẹ̀ẹ́ gbélé. Kò tiẹ̀ mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Odídẹrẹ́ wo ni kì í sọ̀rọ̀?"

Ẹ gbọ́ ná, kí ẹ má baà rò pé ìkà ni obìnrin yìí. Kì í ṣe ìkà. Ìjà ló wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́. Nígbà tí ìyá wọn dùbúlẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n ló wà. Ẹ̀gbọ́n ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń gbé e dìde tó ń gbé e jókòó. Aránṣọ ní òun ń bọ̀ lọ́la. Àsìkò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ wọlé ni, yunifọ́ọ̀mù kún ilẹ̀, àwọn òbí ń pariwo lé e lórí. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di ìparí oṣù. Ọjọ́ tó wá dé níkẹyìn, tòun ti aṣọ ìwọ̀sùn tuntun tó rán fún ìyá, ìyá ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì pariwo láti inú ilé: "Má wọlé! Má wọlé!" Ó yí kọ́kọ́rọ́. Aránṣọ dúró síta tòun ti aṣọ lọ́wọ́, ó bẹ̀bẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó bá padà sílé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìtìjú kò jẹ́ kí àbúrò padà lọ, orí kunkun kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́, ni ọdún bá ń gorí ọdún. Ikú wá dá sí i, ó parí ìjà lọ́nà tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Aránṣọ ń fẹ́ mọ̀ báyìí, kò sì mọ ẹni tí òun lè bi: ṣé ẹ̀gbọ́n òun dárí ji òun kó tó lọ?

Ó bá gbájú mọ́ ẹyẹ. Ìtọ́jú tí kò fún ìyá, tí kò fún ẹ̀gbọ́n, odídẹrẹ́ ló wá jẹ ẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹyẹ náà kò jẹ, kò mu. Ìsàlẹ̀ àgò ló kó ara jọ sí, gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ rí jákujàku bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Aránṣọ sáré pe dókítà ẹran ọ̀sìn.

"Ẹ̀rù ló ń bà á," ni dókítà wí. "Ẹ gbé e kúrò láàárín yàrá. Ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀, kí ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀, kó má máa ṣọ́ ẹ̀yìn. Ẹ má gbé e sítòsí ibi tí ẹ ti ń dáná o, èéfín ń pa wọ́n. Ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn, á rò pé ẹ fẹ́ pa òun jẹ ni. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ fi aṣọ bo àgò kó lè sùn."

"Kí ni kí n máa fún un jẹ?"

"Ẹ̀pà tí kò níyọ̀, ìbẹ́pẹ, àgbàdo tútù. Píà ò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, májèlé ni fún un. Kẹ́ ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ohun tó bá ń gbọ́ léraléra ni yóò padà sọ fún yín."

Oníkọ́kọ́rọ́ mi orí. "Ìbẹ́pẹ tí wọn ò gé fún èmi rí! Ìyá àwọn ọmọ, ṣé àyè ṣì kù nínú àgò yẹn?"

"Ẹ wọlé síbẹ̀, mo máa fi aṣọ bò yín," ni ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀rín dáhùn. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí ọkọ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti kú nìyẹn.

Ohun gbogbo tí dókítà wí ló ṣe. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ń já ẹyẹ láyà, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìyẹ̀wù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ṣókùnkùn tí abẹ́rẹ́ fi ń gún un lọ́wọ́. Ó so àwọn igi òwú tó ti tán mọ́ okùn, ó fi wọ́n kọ́ inú àgò kí ẹyẹ lè rí nǹkan gé jẹ. Ó ń gbé omi sínú àwo fún un kó fi wẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ẹyẹ gun orí igi. Díẹ̀díẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà bí kò bá sẹ́ni tó ń wò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó na ọrùn, ó gba ẹ̀pà lọ́wọ́ Aránṣọ wẹ́rẹ́, kò gé e jẹ. Inú obìnrin náà dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, Oníkọ́kọ́rọ́ ti ibi iṣẹ́ dé. Bó ti ṣí ìlẹ̀kùn báyìí, ẹyẹ gbé ọrùn sókè, ó súfèé. Mí-re-mí. Fèé ọmọ èèyàn gidi ni, kedere, bí ẹni pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé.

Àwa tí a gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ bí etí wa ṣe rí. Ẹ sú u lókè, ẹ sú u nísàlẹ̀, a ó ti máa wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu.

"'Gbé e wá' ló ní!" Oníkọ́kọ́rọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀pà ló ń béèrè. Olójúkòkòrò!"

Sísọ́ọ̀sì ti bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ. "Rárá o," ó ní. "'Má wọlé' ló ń sọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò rí i pé ìlẹ̀kùn ló gbọ́ kó tó sọ ọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa gbé e fún, ó kọ́ ọ kó máa bá òun lé mi."

"Ìyá àwọn ọmọ, fèé lásán nìyẹn. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ 'Ó wọlé' ló ń wí. Ó ń ròyìn pé mo ti dé."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Èmi mọ ohun tí mo gbọ́."

Aránṣọ kò tiẹ̀ nífẹ̀ẹ́ fèé tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tí kò mọ̀ ń pè é lórí fóònù. Bó bá gbé e, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, fèé ni onítọ̀hún á kàn máa sú sí i létí láàárín ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Aránṣọ bú u dáadáa, ó ní ọmọ aláìníṣẹ́ lọ́wọ́ ni, ó sì dí ọ̀nà mọ́ nọ́ńbà náà pátápátá.

Láti ìrọ̀lẹ́ tí ẹyẹ ti kọ́kọ́ súfèé, bí ìlẹ̀kùn bá ti dún báyìí, mí-re-mí. Ìyá tó wá gba yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀, mí-re-mí. Ẹni tó wá béèrè ọ̀nà, mí-re-mí. Gbogbo rẹ̀ ló ń gún Aránṣọ láyà. "Dákẹ́!" á pariwo láti ìyẹ̀wù. "Mo ní kó o dákẹ́! Dákẹ́!" Nígbà tó sú u, ó mú aṣọ yunifọ́ọ̀mù tó nípọn, ó fi bo àgò náà lọ́sàn-án gangan. Oúnjẹ kò wọ́n ẹyẹ, omi kò wọ́n ọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tútù tí dókítà ní kó máa bá a sọ ti dópin. Nínú òkùnkùn yẹn, ẹyẹ kò dẹ́kun. Ìlẹ̀kùn á dún, fèé á dún lábẹ́ aṣọ. "Dákẹ́!"

Lọ́jọ́ kan tó ṣí aṣọ láti pààrọ̀ omi, ó rí ìyẹ́ rẹpẹtẹ nísàlẹ̀ àgò. Ẹyẹ ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ tu àyà ara rẹ̀, awọ ti hàn síta. Ó gbé e dìgbàdìgbà lọ bá dókítà.

"Ìbànújẹ́ ló ń fà á," ni dókítà wí. "Ẹ ò máa bá a ṣeré ni?"

Ojú tì í. Ó ká aṣọ náà kúrò, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ padà sí pálọ̀ kí òun àti ẹyẹ lè jọ wà. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ti gbọ́ràn. Ìlẹ̀kùn á dún, á yí ọrùn wò ó, kò ní súfèé. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìyẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó ń tẹ orí ba fún Aránṣọ kó bá òun họ ọ́. Obìnrin náà rò pé àlàáfíà ti dé. Ó tilẹ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bóyá ẹ̀gbọ́n òun ti yọ́nú níbi tó wà.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà tí obìnrin àgbàlagbà kan fi kan ìlẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú, ọṣẹ ti bó èékánná rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni, yàrá tirẹ̀ ló kojú sí ti ẹ̀gbọ́n. Ọmọ rẹ̀ ló bímọ sí ọ̀nà jíjìn tó lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kú. Ìgbà tó dé ló gbọ́, ó sì béèrè ọ̀nà wá.

Kò tíì jókòó tó fi kọjú sí àgò. "Ayékòótọ́! O ò kí mi? Kí ló pa ẹ́ lẹ́nu mọ́?" Ẹyẹ kàn ń wò ó. Ó bá yíjú sí Aránṣọ, ó wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ ni Kékeré."

Ẹnu Aránṣọ là sílẹ̀. Orúkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é nìyẹn nígbà tó ń pọ̀n ọ́n kiri. Kò tún sí ẹlòmíì láyé tó mọ̀ ọ́n. "Mà, ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi bí kì í bá ṣe ẹyẹ yìí àti ọ̀gá rẹ̀? Ṣé o mọ̀ pé àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ló ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ? Ohùn lọ pátápátá, kò lè wí 'a' kò lè wí 'b'. Ilé dákẹ́ jù fún un, ló bá lọ ra ẹyẹ. Fèé nìkan ló kù lẹ́nu ẹ̀, fèé náà ló kọ́ ẹyẹ. Bí ìlẹ̀kùn bá ti dún báyìí, á yíjú kíá, á ṣe báyìí." Alágbàfọ̀ na àtẹ́lẹ́wọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, bí ẹni ń fi bí ọmọ ṣe ga tó hàn, ó sì súfèé. Mí-re-mí. "Kékeré. Èmi náà ò kọ́kọ́ mọ̀, mo ní kí ni kí n gbé wá? Ìgbà tó fọwọ́ hàn mí títí ló wá yé mi. Gbogbo ìlẹ̀kùn tó bá dún, ó rò pé ìwọ lo dé."

Aránṣọ di ìdí àga mú. "Kí ló dé tí ò ránṣẹ́ pè mí?"

"Ó pè ẹ́! Fóònù mi ló fi pè ẹ́. O ní ọmọ aláìníṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Mo ní kó gbé fóònù fún mi kí n sọ̀rọ̀, ó kọ̀. Ó ń juwọ́ pé bó o bá dá òun mọ̀, o máa wá fúnra ẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìyá méjèèjì, àbí irú orí kunkun wo nìyí?"

Ẹkún tí Aránṣọ sun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ròyìn ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú àgò, ó di irin rẹ̀ mú. "Jọ̀ọ́, sọ ọ́. Sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ti gbọ́ báyìí." Ó fẹ́ súfèé, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Ẹyẹ gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó.

Ìgbà náà ni Oníkọ́kọ́rọ́ wọlé. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí kò dápàárá. Ó padà síta, ó ti ìlẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ó wọlé. Ó tún jáde, ó tún wọlé. Òógùn bo ọkùnrin náà, ó ń jáde, ó ń wọlé, ó ń wo ẹnu ẹyẹ bí ẹni ń wo ojú kọ́kọ́rọ́ tó há. Ẹyẹ kò sọ nǹkan kan.

"Kì í ṣe ìwọ ló ń pè," ni Alágbàfọ̀ wí. "Jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ wọlé."

Aránṣọ dìde, ó jáde, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó dúró síta bó ṣe dúró lọ́jọ́ náà, àfi pé kò sí aṣọ ìwọ̀sùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ojú. Ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó sì wọlé.

Ẹyẹ gbé ọrùn sókè, bó ṣe máa ń gbé e tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó la ẹnu.

"Dákẹ́!" ó ní.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láyé ẹ̀ nìyẹn. Ohùn Aránṣọ gan-an ló fi sọ ọ́, ìbínú inú ohùn náà kò dín. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ rẹ̀ nawọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó rọra ti ìlẹ̀kùn. Ẹyẹ gbọ́ ìró ìlẹ̀kùn, ó tún sọ ọ́.