Aṣọ Kérésì Súnmọ́lá

Àárọ̀ Kérésì ni. Iná àdògán ń bá ìkòkò ìrẹsì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé kó ṣe sùúrù. A wà nílé ìyá mi ní Ìkìrun. Àjà ilé ti sọ̀ kalẹ̀, òun la ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Ó ti pẹ́ tí a ti sin wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Nílé wa, aṣọ ọdún kì í bá ọmọ mu. A máa ń rán an tóbi ni, a ó ká ìdí rẹ̀ sókè, a ó ṣẹ́tí rẹ̀, kí ọmọ lè tún wọ̀ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Irú rẹ̀ lèmi náà wọ̀ dàgbà. Ẹsẹ̀ mi kì í hàn nínú fọ́tò. Nítorí náà, mo sọ fún ìyá mi pé, "Ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa o, màámi. Àwọn ọmọ yìí ń dàgbà."

Ẹ̀rọ náà dáhùn pé òun ti gbọ́.

Ṣijúadé, àkọ́bí mi, ló kọ́kọ́ wọ tirẹ̀. Apá aṣọ náà bò ó lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. Kí n tó bá a ká a, ọwọ́ rẹ̀ ti yọ jáde, ọwọ́ àgbàlagbà. Ó ti hu irùngbọ̀n. Aṣọ kò dín kù, òun ló kún inú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní ìyàwó òun ń retí òun. Ó gba inú ògiri jáde, ògiri sì pa dé. Ọkọ mi, tó ń tu ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́, ní kí n má dara mi láàmú, ó ṣì máa wá kí wa. Adìẹ náà ní òun kò rò bẹ́ẹ̀.

Mo fò dìde. Ó ku Súnmọ́lá, àbíkẹ́yìn mi, tí mo wá títí kí n tó rí, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ eyín. Mo ń ṣílẹ̀kùn kiri, yàrá sì ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo ìjókòó rẹ̀ kọjú sí ògiri. Mo rí i nínú yàrá tó gbẹ̀yìn. Aṣọ pupa ti wà lọ́rùn rẹ̀, ìyá mi kúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fi abẹ tú ìṣẹ́tí.

"Ẹ jọ̀ọ́, màámi, ẹ má tú u mọ́!"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n fi àyè sílẹ̀." Wọn ò bínú. Wọ́n ń tú u lọ.

Bí wọ́n ṣe ń tú u ni Súnmọ́lá ń ga. Mo di ìdí aṣọ náà mú, mo fẹ́ ká a padà sókè, ó ń yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Ó di ọ̀dọ́bìnrin, ó di abiyamọ, irun rẹ̀ funfun. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré dì mọ́ ọn. Orí mi kò kọjá ìbàdí rẹ̀.

Kí n tó mọ̀, eékún mi ti kanlẹ̀. "Ẹ kú ọdún, mà," ni mo ń wí.

"A ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ọmọ dáadáa. Ọmọ ta ni ẹ́?"

Mo ní èmi ni mo bí i.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi bisikíìtì kan sí mi lọ́wọ́, ó sì tì mí rọra sẹ́nu ọ̀nà. "Máa lọ sílé," ó ní, "kí ìyá ẹ má baà máa wá ẹ."