Bàbá Òṣùwọ̀n àti Ẹja Rẹ̀

Bàbá Òṣùwọ̀n làwọn aládùúgbò ń pe ọlọ́sìn ẹja kan, nítorí pé láràárọ̀ ló ń fi àwọ̀n lé ẹja kiri nínú adágún, tí yóò kó wọn jáde, tí yóò sì wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ gidi ló ń fún wọn, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n ń rù, tí orí ń tóbi ju ara lọ. Oníbàárà rẹ̀ sì ti búra pé òun ò ní ra egungun.

“Baálé mi,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, “ara tí ò balẹ̀ kì í gba oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.”

“Ìwọ lo wá mọ̀ ọ́n jù?” Ó bu kún oúnjẹ, ó sì sọ wíwọ̀n di ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ létí adágún. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì dìde fún oṣù méjì. Ìyàwó rẹ̀ ń da oúnjẹ sómi, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ fi ọ̀pá rìn débẹ̀, ẹ̀yìn ẹja ti nípọn bí apá alágbẹ̀dẹ, oníbàárà sì ń kó wọn tẹ̀ríntẹ̀rín.

“O ò rí i?” ni Bàbá Òṣùwọ̀n wí. “Wíwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì yẹn ló ṣiṣẹ́!”

“Òótọ́ ni, baálé mi,” ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Orí òṣùwọ̀n náà ló jókòó sí, ó ń gé àlùbọ́sà.