Fèrè Kúkúrú Méjì

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 2018, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ìyàwó mi Zenobia kú.

Òun ni olórí ẹgbẹ́ aládùúgbò tó ń bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ lórí òkè tiwa ní Lima. Àgọ́ ọlọ́pàá fún ilé kọ̀ọ̀kan ní fèrè. Gígùn kan, olè dé. Kúkúrú méjì, ara ẹnìkan ò dá. Zenobia ló kọ́ gbogbo wọn. Lọ́jọ́ náà, èémí rẹ̀ há, ó fun kúkúrú méjì. Àdúgbò tú jáde pẹ̀lú kùmọ̀, wọ́n ń wá olè lórí òrùlé. Èmi ń gbé gáàsì bọ̀ láti ìsàlẹ̀, mi ò gbọ́ fèrè. Fermín, aládùúgbò wa, pàdé mi lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ ṣọ́ra, Bàbá Anselmo, olè wà lókè!"

Mo gbé gáàsì kalẹ̀, mo mú òkúta, èmi náà bá wọn wá olè fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo wọlé, ó ti kú.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo ní ká tún fèrè náà kọ́, nítorí Màmá Eudocia. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, ó ń dá gbé lókè pátápátá, àyà òun náà ò sì lágbára.

Fermín ní, "Kámẹ́rà la nílò, Bàbá. Ta ló ń fun fèrè mọ́?"

"Ṣé kámẹ́rà ló máa gbé Màmá lọ sí ọsibítù?"

Sájẹ́ǹtì Ccallo, ọlọ́pàá tó ń bá wa ṣèpàdé, fun kúkúrú méjì láti dán wọn wò. Ọkùnrin mẹ́ta fò dìde, wọ́n gbá kùmọ̀ mú.

"Ẹ jókòó jàre!"

"Ara ló yá, Sájẹ́ǹtì!"

Yolanda tó ń ta ọ̀dùnkún díndín ní, "Ara yín yá, etí yín ló ń sùn. Olè mélòó lẹ tiẹ̀ ti mú rí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

A ń kọ́ ọ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kùmọ̀ ni wọ́n ń gbé sáré. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo pariwo mọ́ wọn: "Ṣé kùmọ̀ lẹ fẹ́ fi lu àìsàn ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá," Sájẹ́ǹtì ní.

Mo sọ fún un pé sùúrù mi ti tán ní oṣù kẹjọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá, kúkúrú méjì dún láti òkè. Mo ń gun àtẹ̀gùn, orúnkún ń dùn mí. Fermín sáré kọjá lára mi, kùmọ̀ lọ́wọ́. Mo fẹ́ bú u, èémí ò jẹ́ kí n lè bú u.

Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà Màmá Eudocia, wọ́n ti ń gbé e bọ̀. Sájẹ́ǹtì ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, Fermín di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, Yolanda ń fi aṣọ ìdáná fẹ́ ẹ. Màmá ń mí.

"Ẹ bìlà, Bàbá!" Fermín jágbe mọ́ mi.

Mo bìlà.

Èmi ni mo dúró ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nìyí: kùmọ̀ méje lẹ́bàá ògiri, ti Fermín wà lára wọn, fìlà Sájẹ́ǹtì, abọ́ ọ̀dùnkún díndín kan tó ti tutù, bàtà ẹsẹ̀ òsì Màmá, àti fèrè rẹ̀ lórí ibùsùn, itọ́ ṣì wà lẹ́nu fèrè náà.