Ohùn Kan Tó Sọnù Lára Àwo

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, olùkọ́ ìṣirò ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é ní tíṣà. Bàbá Jáàsì là ń pè é, láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa. Ẹ bá a délé, ẹ ó rí àwo orin lára ògiri láti ilẹ̀ dé òkè, wọ́n nàró bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà, olúkúlùkù nínú ọ̀rá tirẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan ọ̀kan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fọwọ́, tó sì nù ún gbẹ. Etí àwo nìkan ló máa ń dì mú, bí ẹni gbé ọmọ tuntun tí ìwọ́ rẹ̀ kò tíì já.

Àwo àtúntẹ̀ ló fẹ́ràn jù, ìyẹn àwọn orin jáàsì àtijọ́ tí àwọn tó mọṣẹ́ lọ wá téèpù wọn jáde níbi tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí, tí wọ́n fọ ariwo kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sórí àwo tuntun tó nípọn, tó sì wúwo. Ìyàwó rẹ̀ kò yéé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní orin kan náà, àwọn olórin kan náà, ọkọ òun rà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣé ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ọ́n kọ ni? Ọkọ a rẹ́rìn-ín, a ní èyí ni wọ́n tẹ̀ láti ara téèpù ìpilẹ̀. Ìyàwó a ní òun ti gbọ́, kó ṣáà gbé téèpù ìpilẹ̀ kúrò lórí tábìlì, oúnjẹ ń tutù.

Ṣùgbọ́n àwo kan wà tí kò sí lára ògiri yẹn, òun gan-an ló sì ń wá kiri. Àwo bàbá rẹ̀ ni.

Bàbá náà, kó tó jókòó ti iṣẹ́ aago títún ṣe, fèrè onídẹ ló ń fọn nínú ẹgbẹ́ jáàsì kan nígbà èwe rẹ̀. Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe kí ẹgbẹ́ tó tú ká. Lójú kejì àwo náà, ibì kan wà tí ìlù dákẹ́, tí dùùrù dákẹ́, tó wá ku fèrè nìkan. Ẹ sì mọ bí èdè wa ti rí: fèrè kì í dún lásán létí wa, a óò fi dandan gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí eléyìí ń sọ, ọmọ wẹ́wẹ́ ilé náà mọ̀ ọ́n: dúró dè mí. Bó bá ti sọ ọ́ tán, ìyá wọn á dáhùn láti yàrá ìdáná pé òun ti gbọ́.

Lọ́dún tí Bàbá kú, ẹ̀gbọ́n Bàbá Jáàsì obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé àwo náà sí ojú fèrèsé níbi tó ti ń tún ilé ṣe, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Oòrùn pa á títí ó fi ká kò bí ewé gbígbẹ. Àtọjọ́ náà ni àbúrò ti ń pe ẹ̀gbọ́n ní Nọ́ọ̀sì Apàwo, bí kò bá sí nítòsí.

Àwo lọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò lọ. Màmá ń dá gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ga ṣánṣán, tí igi tí wọ́n ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti ń mì. Ó ti ṣubú níbẹ̀ rí, tó gbé apá kọ́rùn fún ìgbà pípẹ́. Bàbá Jáàsì kun yàrá ìsàlẹ̀ kan nílé tirẹ̀, ó gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, ó bẹ ìyá rẹ̀ kó máa bọ̀. Nọ́ọ̀sì náà bẹ̀ ẹ́. Èsì kan náà ni wọ́n ń gbà: "Bàbá yín ní kí n dúró de òun. Ṣé kó dé kó má bá mi ni?" Yóò sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò ní dìde. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọmọ kò ju pé lọ́jọ́ kan, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn làwọn yóò ti bá a.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta àwo pè é. Ó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ti rí téèpù ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, wọ́n sì ti tún un tẹ̀. Bàbá Jáàsì kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gbé e délé, ó fọwọ́, ó nù ún gbẹ, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ohùn náà mọ́ gaara, débi pé ó ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fa èémí sínú kó tó fọn. Nígbà tí ìlù dákẹ́, tí dùùrù dákẹ́, ó ti ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Fèrè ní: má dúró dè mí.

Ó gbé abẹ́rẹ́ padà. Má dúró dè mí. Ohùn kan ló lé, ohùn òkè kan ṣoṣo níwájú, kedere báyìí. Ìgbà náà ló rántí pé àwo àtijọ́ máa ń dún kẹ́ níbẹ̀, tí gbogbo wọn rò pé igi onílù ni. Àṣé ibi tí àwo ti ha ni. Abẹ́rẹ́ ń fò ó kọjá, ó sì ń gbé "má" lọ.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní àdúrà àwọn ti gbà. Kó gbé e lọ fún Màmá kíá, kó sì bá a di ẹrù rẹ̀. Àbúrò ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ni obìnrin náà fi ń sùn, òun ló fi ń jí látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Ṣé ẹnu ọkọ náà làwọn máa wá fi lé e jáde nílé?

"Fèrè ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. "Àwa la fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu."

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n kò lọ sọ ọ́.

Bàbá Jáàsì ti àwo náà bọ àárín àwọn ìyókù, ó pinnu pé òun kò ní mẹ́nu kàn án. Ó gbàgbé pé òun níyàwó. Ìyẹn kò mọ nǹkan kan nípa "má". Inú rẹ̀ ló dùn, tó fi ròyìn fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé àwo Bàbá ti dé. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. "Mo gbọ́ pé bàbá rẹ wà nílé rẹ," Màmá ní, "tí kò yà sọ́dọ̀ mi." Ó fa àwo náà yọ láàárín àwọn ìyókù, ó gbé e lọ.

Nígbà tó máa fi gun àtẹ̀gùn yẹn dókè, Màmá ti nu giramafóònù, ó ti pààrọ̀ aṣọ bí ẹni tó ń retí àlejò. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ àlàyé: ó ní àtúntẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àtijọ́, ó ní ó ṣeé ṣe kí etí kọ́kọ́ ṣàjèjì sí i. Màmá ní kó gbé e sórí ẹ̀rọ, kó jókòó.

Fèrè sọ tẹnu rẹ̀. Màmá kò dáhùn pé òun ti gbọ́. Ó ń wo ẹ̀rọ náà. Ọmọ gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó ti fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀, ló bá rí i pé èjìká ìyá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

"Ó ti padà wá," Màmá ní. "Ọ̀rọ̀ tó dájà sílẹ̀."

Ó wá ròyìn. Ìyàwó tuntun ni òun nígbà tí ọkọ òun gbé àwo náà wálé, òun sì gbọ́ ọ ketekete, "má" rẹ̀ ò fara sin. Òun bi í pé obìnrin wo ló ń sọ fún pé kó má dúró dè é. Ọkọ búra pé kò sí obìnrin kankan, ohùn orin lásán ni, kò tíì mọ òun rárá nígbà náà. Òun ní kó lọ máa gbọ́ ohùn orin lásán níta, òun ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ni ọkùnrin náà bá gbé àwo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi awò aago sójú, ó mú irin wẹ́wẹ́ tó fi ń tún aago ṣe, ó ń wá ojú ibi tí ohùn kan ṣoṣo yẹn wà kó lè gé e kúrò. Ó ba àwo àkọ́kọ́ jẹ́. Ó lọ ra irú rẹ̀ mìíràn, ó bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló bọ́ sí i.

"Mẹ́ta, Màmá?" Ẹni tí kì í fọwọ́ kan ojú àwo di orí mú. "Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ gan-an?"

"Ó gbé e dé, ó ní kí n tún un gbọ́. Mo rí èérún dúdú lábẹ́ èékánná rẹ̀. N kò bi í léèrè. Mo ní mo ti gbọ́."

Ọmọ béèrè pé bí Màmá bá ti mọ̀ tipẹ́, kí ló dé tó fi ń fi "dúró dè mí" dá àwọn lóhùn. Màmá ní ọkọ òun máa ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Òun dúró dè é, ó sì ń dé. Nígbà tí kò dé mọ́, òun ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń jáwọ́ ni.

Ó ní kó tún un gbé sí i. Fèrè tún un sọ.

"Nígbà yẹn, kì í ṣe èmi ló ń bá wí," Màmá ní. "Ní báyìí, èmi ló ń bá wí."

Bàbá Jáàsì fà mọ́ ọn, ó ń ṣàlàyé yàrá ìsàlẹ̀, ibi tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Màmá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Nọ́ọ̀sì, lòun ń lọ. Òun ti fi gbogbo ọdún òun gbọ́ jáàsì. Òun fẹ́ sùn. Ó dun ọmọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló rín. Ó ní òun á mú okùn wá láti fi di àwọn ẹrù.

"Ọ̀rọ̀ ẹrù ò kánjú," Màmá ní. "Yí i padà. N kò fara balẹ̀ gbọ́ ojú kìn-ín-ní rí."