Àdúrà Kí Kànga Gbẹ

Ọdún tí omi ẹ̀rọ gbẹ ní Bouaké, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni Agnes kọ́kọ́ rí.

Adágún tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ wọ ìlú ti fà débi pé màlúù ń jẹko nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣí ẹ̀rọ nínú ilé, atẹ́gùn ni yóò tú jáde, á dún bí ẹni tó ń mí ìmí ẹ̀dùn. Lọ́jà, dípò kí wọ́n béèrè àlàáfíà ara wọn, "ji tẹ" ni wọ́n fi ń kíra lédè Jùlá, ìyẹn ni pé omi ò sí. Ẹni tó ní ẹbí ní Brobo, níbi tí omi ṣì wà, ti kó ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹni tí kò ní, ẹ̀bá títì ló ń to ike àti bídọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, sí láti ìdájí, tó ń retí ọkọ̀ agbómi tó lè wá, tó sì lè má wá.

Agnes yìí, Ìyá Tiwaladé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ kékeré kan tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ dá sílẹ̀ ní àdúgbò Broukro, èyí tí àwọn aládùúgbò ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Anago, ìyẹn àwọn Yorùbá. Ike àti bídọ́ọ̀nù ló ń tà lọ́jà. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé òun gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ọ̀dá náà ṣe é lóore. Ó kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí ojú ti àwọn tirẹ̀ nígbà ìyàn, nítorí ọjà tó ń fi oṣù kan tà tẹ́lẹ̀ kì í kú sórí àtẹ mọ́.

Kànga kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ń ná ọjà Botro, tó sì máa ń pẹ́ lọ́hùn-ún, ló gbẹ́ ẹ kí omi ẹ̀rọ tó dé àdúgbò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa á tì. Nígbà tí ọ̀dá mú, Agnes ṣí i wò, ó rí omi tó ń dán nísàlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tó dìde, ó pe jórinjórin kó wá ṣe ìdérí onírin sí i, ó sì ti àgádágodo mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé ó burú nínú. Ó rò ó dáadáa. Bí ẹnì kan bá mọ̀, ìlú ti mọ̀ nìyẹn, bí ìlú bá sì mọ̀, kí ni yóò kù fún ilé? Torí náà, nígbà tí Màrdíyyàh, ìyá Rilwan, tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, gbé abọ́ kékeré wá, èsì ti wà nílẹ̀.

"Ìyá Tiwaladé, ẹ jọ̀wọ́," ni Màrdíyyàh wí, "ara Aaliyah, ọmọ ọmọ mi, ló ń gbóná. Bí mo bá rí omi díẹ̀, mo fẹ́ fi nù ún lára."

"Ó mà ṣe o, Ìyá Rilwan. Kànga ti gbẹ. Ọlọ́run nìkan ló lè gbà wá nínú èyí."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Pásítọ̀ Oyèkàn kéde ààwẹ̀. Ó ní kí olúkúlùkù yẹ ara rẹ̀ wò, kí ó sì wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lójú ìjọ, bóyá ojú ọ̀run á ṣí. Agnes ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Ó ti ń yẹ àwọn ará ìjọ wò tipẹ́. Ó ti rí ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin tó ń wọ ṣòkòtò lọ sílé ìwé, ó ti rí bàbá tó ń sùn bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sì yà á lẹ́nu rárá pé òjò kọ̀ láti rọ̀.

Ọjọ́ ìjẹ́wọ́ pé. Ọkùnrin kan dìde, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ òun ni pé òun ń gba ìwọ̀sí jù lọ́wọ́ àna òun. Obìnrin kan ní ayálégbé ẹgbẹ́ òun ń jí èédú òun. Pásítọ̀ ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Obìnrin náà ronú díẹ̀, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ tòun ni pé òun ò tètè sọ. Agnes náà dìde, ó fi ìborùn nu ojú, ó ní ìtara ilé Olúwa máa ń mú kí òun bínú sí àwọn tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Ìjọ kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Díákónì Ògúndèjì gbá àga mú, ó dìde. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, àgbàlagbà ni, ẹ̀yìn yàrá rẹ̀ ló kan ògiri ilé Agnes.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, "èmi ò mọ̀ bóyá tèmi ló fa ọ̀dá, àmọ́ ó burú. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ tí garawa ń kan omi nínú kànga Ìyá Tiwaladé. Mi ò dá wọn lẹ́jọ́ o, wọ́n á ní ìdí tí wọn ò fi sọ fún wa. Àmọ́ ìlara gbé mi wọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbàdúrà kí kànga yẹn gbẹ. Orí eékún ni mo ti ń gbà á. Ìyá Tiwaladé, ẹ dákun, ẹ dárí jì mí."

Ó sunkún. Kò sẹ́ni tó wo ẹkún rẹ̀, nítorí Agnes ni gbogbo ojú ń wò.

"Mo ti dárí jì yín, sà," ni Agnes wí. Kí ni ì bá tún wí?

"Ìyá Tiwaladé," Pásítọ̀ rọra pè é, "ṣé omi wà nínú kànga yín ni?"

"Mo ti ní in lọ́kàn láti ṣí i fún ìjọ, sà. Mo kàn ní kí ààwẹ̀ parí ná ni."

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tonígbàgbọ́, tonímọ̀le, àti àwọn Baoulé onílẹ̀ tó wà ní òpópónà kejì. Ike tó tà fún wọn ni púpọ̀ nínú wọn gbé wá. Díákónì Ògúndèjì nìkan ni kò wá. Agnes gbà pé ọgbọ́n àgbà ló fi tú àṣírí òun, ló bá lọ bá a nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Díákónì, ṣé ẹ ò lè wá bá mi nílé kí ẹ tó gbé e dé ojú ìjọ?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni wọ́n ní kí n jẹ́wọ́," ni bàbá náà dáhùn. "Ti ta ni ǹ bá jẹ́wọ́?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò wá fa omi?"

"Ẹni tó gbàdúrà kí omi gbẹ, kò yẹ kó mu níbẹ̀."

Agnes wo ojú rẹ̀ títí, ó ń wá ẹ̀tàn níbẹ̀. Kò rí i. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Lọ́jọ́ Àìkú, Pásítọ̀ fi í ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ẹ wo èso ìronúpìwàdà. Ojú àga bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná mọ́ Agnes nídìí. Ó dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

"Kì í ṣe ìronúpìwàdà," ló wí. "Ojú ló tì mí. Bí Díákónì ò bá sọ̀rọ̀, àgádágodo ṣì wà lórí kànga títí di òní."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó jókòó tì í di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní òun ò tíì rí irú ìrẹ̀lẹ̀ báyìí rí. Agnes jókòó. Irọ́ tó pa níjọ́sí, kíá ni wọ́n gbà á. Òótọ́ tó wá sọ yìí, kò rẹ́ni gbà á.

Kànga kékeré ò lè bọ́ Broukro. Kò pẹ́ tí garawa fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrẹ̀ wá, nígbà tó yá, ẹrẹ̀ gan-an ò gòkè mọ́. Díákónì wá sílé pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó ní àdúrà òun àtijọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀run, òun ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà.

"Èèyàn ló fà á gbẹ, bàbá," Agnes wí. "Ẹ lọ sinmi."

Òun náà gbé ike, ó lọ sẹ́bàá títì. Ẹ̀yìn Màrdíyyàh ni ìlà gbé e sí. Wọ́n kíra. Wọ́n dúró. Oòrùn ń ta.

"Ìyá Rilwan," Agnes sọ nígbẹ̀yìn, "ọjọ́ tí ẹ gbé abọ́ wá, omi wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Màrdíyyàh wí. "Okùn garawa yín rọ̀ mọ́ ògiri, omi ń kán lára rẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Ẹ ti ní ó gbẹ."

Agnes yíjú sí i. "Aaliyah ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ ti yá. Omi tí mo fi pamọ́ láti ṣe àlùwàlá la fi nù ún. Èmi wá fi erùpẹ̀ ṣe tàyámọ́mù dípò àlùwàlá."

Agnes, tó mọ àdúrà gígùn gbà, gé ọ̀rọ̀ kúrú. "Ẹ dárí jì mí," ló wí.

Màrdíyyàh ń wo òkè títì níbi tí eruku ti ń sọ. "Mi ò tíì lè sọ pé mo ti dárí jì yín," ló wí. "Irọ́ ni yóò jẹ́, irọ́ sì ti tó láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí omi dé ná."

Ọkọ̀ náà dé. Ìlà fọ́, wọ́n ń ti ara wọn, bídọ́ọ̀nù ń gbá ara wọn, ìdajì omi ń dà sílẹ̀. Nígbà tí ike Màrdíyyàh kún, Agnes gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó bá a ru ú. Màrdíyyàh kò dúpẹ́. Ó kàn ní kí ó rọra, nítorí ilẹ̀ ti ń yọ̀.