Ọjọ́ Tí Tíṣà Jẹ́jẹ́ Kò Sáré

Wọ́n fi ẹ̀sùn eré àsápajúdé kan ọkùnrin kan tí kò sáré rí láyé rẹ̀, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, láàárọ̀ ọjọ́ tí aya rẹ̀ kú, ó sì ja ẹjọ́ náà títí ó fi jàre.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Tíṣà Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí "jẹ́jẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fẹ́ sáré díẹ̀ báyìí, Tíṣà á ti tẹ búrékì kejì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, á ní, "Jẹ́jẹ́. Ibi tí ò ń lọ ò ní sá." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ìgbín tẹ fèrè fún un láti ẹ̀yìn pé kó yà fún òun. Aya rẹ̀ gan-an a máa sọ ọ́ níwájú àlejò pé ọ̀dọ́mọbìnrin lòun nígbà tí Tíṣà gbéra láti wá tọrọ òun, òun sì ti ń hewú kó tó dé.

Tíṣà kì í bínú. Kò sí ẹni tó kọ́ ní ọkọ̀ tó ti pa èèyàn rí. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn, kò sì ní òmíràn.

Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà náà kọjú sí ilé rẹ̀, títì nìkan ló wà láàárín wọn. Funfun ni gbogbo ọkọ̀ ibẹ̀, oríṣi kan náà, pátákó sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń sọ fún àwọn ará ọ̀nà pé akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nídìí sítíárìn. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní pátákó tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ḿbà lára rẹ̀. Pátákó kẹrin ni ti Tíṣà.

Àyà ló dun aya rẹ̀. Ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì, ó ní kí wọ́n bá òun ṣí fèrèsé. Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí. Tíṣà gbé e sọdá títì wọ inú ọgbà, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣe gbogbo ohun tó máa ń ṣe kí ọkọ̀ tó gbéra, ó sì wà á lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀mí ṣì wà lára obìnrin náà nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Kò pẹ́ tí dókítà fi jáde, tó ní àwọn ṣe é tì. Lẹ́yìn náà ló tún fi kún un, kò sẹ́ni tó bi í o, pé, "Ì bá ṣe pé ẹ tètè gbé e dé díẹ̀ sí i ni."

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lọ aṣọ ibùsùn láti àárọ̀ dalẹ́. Ó sáré dé pẹ̀lú òógùn lójú, ó sì bá ọ̀rọ̀ dókítà yẹn lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, jẹ́jẹ́ yín náà lẹ fi gbé Màmi wá?"

"Mo wà wọ́n wá," ni Tíṣà wí.

Ọmọ náà wò ó, ó sì yí ojú kúrò. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ló ń dà wọ́n pọ̀. "Oúnjẹ wà lórí tábìlì." "O ṣé." Ó parí. Wọ́n ń gbé ilé kan náà bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí. Tíṣà á máa gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti yàrá kejì, kò sì mọ̀ bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun má wọlé. Kò wọlé.

Ìwé ẹ̀sùn náà dé lẹ́yìn tí àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn ti lọ sílé oníkálukú. Ọmọ ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ló já a. Ọ́fíìsì tó ń mójú tó ojú pópó ló kọ ọ́. Wọ́n ní kámẹ́rà ọ̀nà ilé ìwòsàn ya ọkọ̀ funfun kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń sá eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí òfin gbà. Oòrùn tàn bo nọ́ḿbà ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú àwòrán, ṣùgbọ́n pátákó orí rẹ̀ hàn kedere. Pátákó kẹrin.

Ọmọ náà kà á lórí ìdúró. Ó tún un kà. Ó wọ yàrá, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú.

"Ẹ sáré," ó ní. "Bàbá mi, ẹ sáré!"

"Sáré báwo?"

"Ẹ wò ó níbí. Wọ́n ní ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ẹ̀yin! Ẹ wá dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n máa bínú sí yín látọjọ́ yìí. Ẹ forí jì mí." Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ká ní Màmi rí i ni! Gbogbo àdúgbò ni wọn ì bá rò ó fún."

Tíṣà ka ìwé náà. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun kọ́. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti gbé orí lé e lórúnkún, ohun tí kò ṣe mọ́ láti ìgbà tó ti dàgbà. Tíṣà gbé ọwọ́ lé orí náà, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ara ilé yá. Wọ́n jọ ń jẹun. Ọmọ náà á máa sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ fún un, nípa àlejò kan tó gbàgbé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú aṣọ ibùsùn, tó wá ń pariwo lórí fóònù pé kí wọ́n má fọ eyín òun mọ́ aṣọ. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Asáré ni ọmọ náà ń pè é báyìí. "Bàbá Asáré, ẹ rọra jẹ ẹ́ o, oúnjẹ ò ní sá." Bí Tíṣà bá fẹ́ sọ òótọ́ lálẹ́ yìí, á ní ó di ọ̀la. Bí ọ̀la bá dé, á tún rí i tí ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Màdáámù tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ló bá a sọ ọ́ níkẹyìn.

"Tíṣà, wọ́n fi irú ìwé yẹn ránṣẹ́ sí èmi náà. Olùkọ́ tí irú ẹ̀sùn yìí bá ṣẹ mọ́ lórí, wọ́n á gba ìwé-àṣẹ ìkọ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò ní rí i gbà mọ́. Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi kọ́."

"Mo mọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, màá fi àwòrán yẹn kọ́ ara ògiri kí ayé wá wò ó. Ta wá ni?"

Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìjì, ó ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà. Pátákó tirẹ̀ ti là sí méjì kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Màdáámù ké sí i.

"Ìjì! Ìwọ lo gbé pátákó Tíṣà lọ́jọ́ yẹn?"

Ìjì ju aṣọ ìnukọ̀ sílẹ̀. "Èmi ni, Màdáámù. Mo rí i lórí ìkọ́, mo so ó mọ́ ọkọ̀ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ń dúró níbi ìdánwò, mo sì ti pẹ́." Ó dọ̀bálẹ̀ sínú omi ọṣẹ. "Tíṣà, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n máa mú."

"O máa wá sọ ọ́ lójú wọn?"

"Màá sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́."

Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí pátákó náà ń ṣe lórí ìkọ́. Gbogbo wọn mọ òfin iṣẹ́ wọn: bí kò bá sí akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọkọ̀, pátákó gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí a gbé e kọ́ ẹnu géètì. Tíṣà nìkan ló ń pa á mọ́. Àwọn tó kù á ní ta ló ń wò wọ́n.

Nígbà tí Tíṣà sọ nílé pé òun máa lọ jiyàn ẹ̀sùn náà, ọmọ rẹ̀ yíjú sí i.

"Ẹ fẹ́ sọ fún wọn pé ẹ̀yin kọ́?"

"Èmi kọ́ ni, ọmọ mi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ́jú sí i. "Ó yé mi. Wọ́n á gba ìwé-àṣẹ yín. Ẹ sọ ohun tó bá wù yín fún wọn, Bàbá Asáré. Èmi ṣáà mọ ohun tí mo mọ̀. Màá tẹ̀ lé yín lọ."

"Gbọ́ mi ná."

"Mo ti gbọ́. Ẹ̀yin kọ́." Ó tún ṣẹ́jú, ó wọ ilé ìdáná, ó ń kọrin. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò tíì kọrin. Tíṣà jókòó ti ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀.

Yàrá tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà kéré, àga oníke ló kún ibẹ̀, fáànù kan sì ń yí lókè tí kò fẹ́ atẹ́gùn kankan. Obìnrin onígíláàsì kan ló jókòó nídìí tábìlì. Ó ka ẹ̀sùn, ó wo Tíṣà, ó tún wo àwọn ìwé iwájú rẹ̀.

"Bàbá, mo rí i níbí pé ẹ pàdánù ìyàwó yín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ kú àfaradà."

"Ẹ ṣé, mà."

"Àwa náà kì í ṣe igi. Òfin fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń gbé aláìsàn tó wà láàárín ikú àti ìyè. Bí ẹ bá sọ fún mi pé ìyàwó yín lẹ ń gbé sáré, màá fagi lé e báyìí. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ìwé-àṣẹ yín. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún un. Tíṣà wẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ jókòó sí ìlà kejì pẹ̀lú ìborí ìyá rẹ̀, ó ń mi orí sí i, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ ọ́, Bàbá. Ìjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, inú rẹ̀ ti ń dùn pé ẹjọ́ fẹ́ parí láìkan òun. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ kan, ni gbogbo wọn ń retí.

Èèyàn lè ní òótọ́ inú ló mú un. Òótọ́ inú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n agídí pọ̀ jù ú lọ. Ọkùnrin yìí ò gbà láyé rẹ̀ pé òun sáré, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á.

"Rárá, mà," ó ní. "Èmi kọ́. Mi ò sáré."

"Pátákó yín ńkọ́?"

"Kò sí lórí ọkọ̀ mi. Mo ti tú u."

"Ìgbà wo lẹ tú u?"

"Kí n tó gbéra. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọkọ̀."

Obìnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Níbo ni ìyàwó yín wà nígbà tí ẹ ń tú u?"

"Lẹ́yìn ọkọ̀."

Wọ́n pe Ìjì. Ìjì ṣe ohun tó ṣèlérí. Ó ní òun ti ń bọ̀ lókè títì nígbà tí òun rí Tíṣà tó ń gbé pátákó kọ́, tó gbé e kọ́, tó rí i pé ó wọ́, tó sì padà lọ tún un tò kó tó wọkọ̀. Ó ní òun mú pátákó náà, òun so ó, òun jáde, òun sì bá Tíṣà níwájú. "Iná pupa ló dá a dúró. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń sọdá. Mo tẹ fèrè fún un, mo yà á sílẹ̀, mo kọjá." Ó wá bojú wo ilẹ̀. "Mi ò rí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ọlọ́run ni mo fi bẹ̀ yín, mi ò rí wọn. Ǹ bá ti gbé wọn fúnra mi."

Wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà lórúkọ Tíṣà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé àwọn ṣì í mú. Ìjì ni wọ́n gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dúró dè é lórí àtẹ̀gùn. Kò sunkún. Ìborí ìyá rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ká a.

"Okùn ló so pátákó yẹn?"

"Okùn ni."

"Kókó mélòó lẹ tú?"

Ó ṣì lè purọ́ níbẹ̀. "Mẹ́rin," ni Tíṣà wí.

"Màmi ń sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ní kí n máa bọ̀."

"Ẹ wá lọ tún un tò kó má baà wọ́."

"Ọmọ mi, ọwọ́ mi ló ṣe é. Mi ò rò ó. Ọwọ́ ló mọ́ mi lára…"

"Obìnrin yẹn fi ọ̀nà sílẹ̀ fún yín, Bàbá. Ẹ̀yin mọ̀ pé mo jókòó síbẹ̀. Irọ́ kékeré kan, kí n lè rí nǹkan dì mú. Ẹ ò lè pa á fún mi."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kí Tíṣà tó wakọ̀ délé, ọmọ náà ti kó ẹrù rẹ̀ jáde, pẹ̀lú aṣọ ìyá rẹ̀ gbogbo.

Tíṣà ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìwé-àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí pé kì í sọ "jẹ́jẹ́" mọ́, búrékì nìkan ló ń tẹ̀. Ó pe fóònù ọmọ rẹ̀ títí, kò gbé e. Níkẹyìn ó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì náà, ó gba ẹ̀yìn, níbi tí ooru ilé ìfọṣọ ti ń jáde. Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ lọ́wọ́ dá a dúró, ó ní ta ló ń wá. Tíṣà sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ fún un.

"Ta ni kí n sọ pé ó ń wá a, sà?"

"Bàbá rẹ̀ ni mí."

Obìnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó tàánú-tàánú.

"Ó ní láti jẹ́ pé ẹ ṣìnà, Bàbá. Ẹlòmíràn lẹ ń wá. Ẹni tí a ní níbí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé ọjọ́ kan náà ni ìyá àti bàbá òun kú."

Tíṣà kò bá a jiyàn.